Bí Mo Ṣe Fi Fíláàṣì Ya Màmá Aláṣọ Etù Nígbà Tí Oòrùn Ń Wọ̀

Ní oṣù Kìíní ọdún yìí, obìnrin kan bẹ̀ mí pé kí n bá òun ya fọ́tò ìyá òun tó ń ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún. Ohun tó ń fẹ́ kò ju kí oòrùn tó ń wọ̀ hàn lẹ́yìn màmá, kí ojú màmá sì hàn kedere. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ kámẹ́rà sí oòrùn ìrọ̀lẹ́ rí mọ̀ pé méjèèjì kì í fẹ́ wà nínú àwòrán kan náà: bí a bá tọ́jú ojú ènìyàn, ojú ọ̀run á funfun báláú, bí a bá sì tọ́jú ojú ọ̀run, ènìyàn á ṣú bí òjìji. Fíláàṣì tí a yọ kúrò lórí kámẹ́rà, tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí a ń yà, ni mo fi yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Orí Òkè Ààrẹ n'Ìbàdàn ni a lọ, nídìí ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1936 ní ìrántí Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì n'Ìbàdàn, ilé tí àwọn ará ìlú ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń yí po dé òkè. A kò gùn ún, nítorí orúnkún màmá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà ga tó láti rí òrùlé páànù tó ti dípata, tó tẹ́ lọ bí ẹní. Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, eruku rẹ̀ sì ti sọ oòrùn di pupa róbótó. Mo fẹ́ràn oòrùn ọyẹ́ fún iṣẹ́ yìí, nítorí eruku máa ń dín agbára rẹ̀ kù débi pé fíláàṣì kékeré lè bá a dọ́gba, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ yọ lẹ́ńsì kúrò lára kámẹ́rà níta ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

Agogo márùn-ún ààbọ̀ ni mo ti dé ibẹ̀. Ní oṣù Kìíní, nǹkan bí agogo 6:45 ni oòrùn máa ń wọ̀ n'Ìbàdàn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé tààrà ló ń já sílẹ̀ ní ilẹ̀ tiwa, tí òkùnkùn á sì bo ilẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀ sí i. Nítorí náà, mo máa ń to irinṣẹ́ tán, màá sì ti fi ọmọ iṣẹ́ mi dán gbogbo rẹ̀ wò kí ẹni tí mo fẹ́ yà tó jókòó. Fíláàṣì oníbátìrì kan ni mo lò, mo fi softbox, ìbòjú aláṣọ funfun tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ tẹ́ kó sì rọ̀, bò ó lójú, róbótó ni, ó sì fẹ̀ tó 90 sẹ̀ǹtímítà, mo gbé e ka orí ọ̀pá, mo sì so àpò yanrìn mọ́ ìdí ọ̀pá náà, torí pé bí ìgbòkun ni softbox máa ń rí lójú afẹ́fẹ́ ọyẹ́.

Ojú ọ̀run ni mo kọ́kọ́ wọ̀n, mo sì pa fíláàṣì ná. Mo fi ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí) sí 100, ìyára ṣọ́tà, ìyẹn ìkélé inú kámẹ́rà, sí 1/200 (ìdá kan nínú igba ìṣẹ́jú àáyá), ojú lẹ́ńsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé sí f/8, títí tí àwọ̀ ọsàn ọ̀run fi jinlẹ̀ bí mo ṣe fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mi dúdú kirimú nínú àwòrán yẹn, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìgbà náà ni mo tó tan fíláàṣì sí ìdajì agbára rẹ̀, ojú ọmọ iṣẹ́ mi sì yọ.

Ìdí tí n kò fi kọjá 1/200 ni pé mo ti jìyà rẹ̀ rí. Lọ́dún kan, mo fi 1/500 ya tọkọtaya kan, gbogbo àwòrán wọn ló sì ní ọ̀já dúdú nísàlẹ̀. Ìkélé méjì ló wà nínú ṣọ́tà: bí a bá sáré jù, èkejì á ti máa pa dé kí àkọ́kọ́ tó ṣí tán, fíláàṣì tí kì í sábà pẹ́ ju nǹkan bí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ yóò sì bá apá kan ní bíbò. Àwọn fíláàṣì kan wà tó lè yẹra fún èyí, ṣùgbọ́n agbára wọn máa ń dínkù púpọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é.

Nígbà tí màmá jókòó ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán bí kóró iṣin, wọ́n wọ etù, wọ́n wé gèlè ńlá, wọ́n sì lo awò ojú. Ara tó ń dán bẹ́ẹ̀ kì í gba ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín. Á kàn tò sí iwájú orí bí ẹyọ owó funfun ni. Mo sún softbox mọ́ wọn tó mítà kan ààbọ̀, dídán náà sì tẹ́ rẹrẹ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n softbox kan náà tún hàn róbótó nínú awò wọn méjèèjì.

Wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé kí n bọ́ awò yìí ni?"

Mo ní, "Rárá, Mọ́mì, ẹ má bọ́ ọ. Òun ni àwọn ọmọ yín fi mọ̀ yín."

Ọmọ iṣẹ́ mi gbé fíláàṣì sókè kí ó lè kúrò nínú awò. Ó kúrò lóòótọ́, àmọ́ etí gèlè wá da òjìji bo iwájú orí àti ìpéǹpéjú màmá. Bí a bá gbé e sílẹ̀, awò. Bí a bá gbé e sókè, gèlè. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni mo fi dúró tí mo ń wo ọ̀rọ̀ náà, oòrùn kò sì dúró dè mí. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé a dá fíláàṣì padà sísàlẹ̀, a sún un lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì wọn, mo sì ní kí wọ́n tẹ àgbọ́n sílẹ̀ díẹ̀, kí apá awò tó wà lẹ́bàá etí gbéra sókè díẹ̀ péré. Awò mọ́, iwájú orí sì mọ́.

Àwọ̀ ló kù. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì funfun bíi ti ọ̀sán gangan, nítorí náà ṣe ni màmá rí bí ẹni tó jókòó nínú báńkì, tí wọ́n lẹ oòrùn mọ́ lẹ́yìn. Mo bo ojú fíláàṣì pẹ̀lú ike pẹlẹbẹ aláwọ̀ ọsàn, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀ ju ìdajì lọ, mo sì fi ìtò àwọ̀ kámẹ́rà sí ti ojúmọmọ. Ara wọn gba ooru ìrọ̀lẹ́ náà lójú ẹsẹ̀.

Bí ìmọ́lẹ̀ ọ̀run ṣe ń kú lọ, mo ṣí ojú lẹ́ńsì sí f/4, mo sì dín fíláàṣì kù sí ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kò fọwọ́ kan fíláàṣì mọ́: ṣọ́tà nìkan ni mo ń dẹ̀, láti 1/200 sí 1/100, títí dé 1/60. Ojú màmá kò yí padà, torí fíláàṣì kò bìkítà bí ṣọ́tà ṣe pẹ́ tó; ọ̀run nìkan ló ń gba àwọ̀ rẹ̀ padà. Ní 1/60, mo gbé kámẹ́rà ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta, mo sì bẹ màmá kí wọ́n má mira.

Ní agogo 7:02, mo gbé kámẹ́rà lọ bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọ́n kọjá lára àwòrán tí oòrùn ti pupa jù lọ láìsọ ohunkóhun, wọ́n dúró lórí èyí tó gbẹ̀yìn, wọ́n ní kí n fẹ̀ ẹ́ sí i. Ìlà búlúù tín-ín-rín inú etù wọn hàn lọ́kọ̀ọ̀kan láti èjìká dé orúnkún. Wọ́n fi ìka tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn lójú kámẹ́rà, wọ́n ní, "Ìyá mi ló fún mi ní etù yìí. Èyí ni kí ẹ bá mi tẹ̀ fún ara ògiri."