Ọjà Kérésìmesì Nílẹ̀ Jámánì: Ohun Tó Yẹ Kí Ọmọ Yorùbá Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Dé Mọ̀

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin nílẹ̀ Jámánì, agbára káká ni èèyàn fi lè rí ìlú kan tí wọn kò to àwọn ìsọ̀ onípákó kéékèèké sí gbàgede rẹ̀, tí wọ́n ta iná wínníwínní sí wọn lára, tí èéfín sọ́séèjì àti òórùn ọtí gbígbóná sì ń jáde níbẹ̀ láti ọ̀sán di alẹ́. Weihnachtsmarkt ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọjà Kérésìmesì. Ẹni tó bá fi ojú Bódìjà tàbí Òyìngbò wò ó yóò ṣì í mú, nítorí pé nǹkan níbẹ̀ wọ́n ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ, kò sí ìdúnàádúrà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ kì í ṣe kòṣeémánìí. Àwọn onílùú ń lọ síbẹ̀ láti dúró pẹ̀lú ara wọn nínú òtútù, kí wọ́n mu ohun gbígbóná, kí wọ́n sì tàkúrọ̀sọ. Ìdí rèé tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ará wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé bí àwọn ará ibi iṣẹ́ tàbí àwọn akẹgbẹ́ yín nílé ẹ̀kọ́ bá ní kí ẹ káàlọ sí ọjà Kérésìmesì, ẹ má kọ̀, ì báà ṣe pé ẹ kì í mu ọtí, ì báà ṣe pé Mùsùlùmí ni yín. Ẹni tó jẹ́ pé “Morgen”, ìyẹn ẹ káàárọ̀, nìkan ló ń sọ fún yín láti oṣù kìíní lè sọ ìtàn ìdílé rẹ̀ fún yín nídìí tábìlì gíga tí wọ́n ń dúró tì níbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń ṣi àwọn ará wa lọ́nà ni àsìkò. Nílé, ọjọ́ Kérésìmesì gan-an ni a máa ń jáde, ọjọ́ náà ni ọmọdé ń wọ aṣọ tuntun, tí ibi ìgbafẹ́ sì ń kún. Ní Jámánì, àkókò Advent, tó kó ọjọ́ Àìkú mẹ́rin tó ṣáájú Kérésìmesì mọ́ra, ló ni ọjà yìí. Ọ̀pọ̀ ìlú kì í ṣí i títí Totensonntag yóò fi kọjá, ìyẹn ọjọ́ Àìkú tí àwọn ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì fi ń rántí àwọn òkú wọn, tó sì máa ń bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Advent àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, ó di ọjọ́ 23 tàbí 24 oṣù kejìlá. Ní ọ̀sán ọjọ́ 24, ṣọ́ọ̀bù á tì, kálukú á wọlé lọ bá ẹbí rẹ̀, ọjọ́ 25 àti 26 sì jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ìlú. Ẹni tó bá múra dáadáa, tó kó ọmọ jáde lọ sí ọjà lọ́jọ́ Kérésìmesì, gbàgede òfìfo ni yóò bá ní ọ̀pọ̀ ibi. Vienna, ní orílẹ̀-èdè Austria, máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, láti nǹkan bí àárín oṣù kọkànlá.

Àwọn ọjà yìí ti pẹ́. Ti Dresden, tí wọ́n ń pè ní Striezelmarkt, ti wà láti ọdún 1434. Ti Strasbourg, tó wà lábẹ́ ilẹ̀ Faransé lónìí, ti wà láti ọdún 1570. Ti Cologne ni ó rọrùn jù fún ẹni tó bá ọkọ̀ ojú irin dé, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kàtídírà ńlá tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ni wọ́n ń ná an sí. Ṣùgbọ́n ti Nuremberg ni mo fẹ́ kí ẹ wo ìṣíde rẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Advent àkọ́kọ́, ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ funfun àti aláwọ̀ wúrà, tó dé adé lé irun wúrà, á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirche, á sì ké ewì ìkíni sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó dúró nísàlẹ̀. Christkind ni oyè rẹ̀, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń yan án láàárín àwọn ọmọbìnrin ìlú náà tó wà ní ọmọ ọdún 16 sí 19. Ní ọdún 2019, Benigna Munsi ni wọ́n yàn, ọmọ Nuremberg tí bàbá rẹ̀ wá láti ilẹ̀ Íńdíà. Ẹ̀ka kan nínú AfD, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń tako wíwọlé àwọn àjèjì, kọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa rẹ̀ sórí Facebook, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn dìde gbè é lẹ́yìn, ẹgbẹ́ náà ní láti tọrọ àforíjì, ọmọ náà sì ṣe oyè rẹ̀ parí. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé àwọn ará wa kan máa ń béèrè bóyá àwọn kò ní dà bí àlejò tí a kò pè níbi ayẹyẹ yìí.

Bó ti wù kó rí, èrò Nuremberg lọ́jọ́ Sátidé kì í ṣe ohun tí mo lè ní kí ẹni tó ní ọmọ kékeré lọ kò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ló dára jù, kí iná tó tàn, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde. Lójú tèmi, ọjà ìlú kékeré tí ẹ ń gbé tilẹ̀ sàn ju ti àwọn ìlú olókìkí lọ, nítorí pé ẹ óò pàdé olùkọ́ ọmọ yín àti ará ilé kejì níbẹ̀. Ẹni tó bá ní Deutschlandticket, tó ti di yúrò 63 lóṣù láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, lè bá ọkọ̀ ojú irin agbègbè dé ìlú mìíràn láìsan owó kún un, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fi wọ ICE, ọkọ̀ ojú irin ayárabíàṣá.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí a dúró níwájú ìsọ̀ kan ná. Wọ́n kọ ọ́ sí pátákó pé Glühwein, ìyẹn ọtí wáìnì gbígbóná, jẹ́ yúrò 4.50. Ẹ na yúrò márùn-ún, ẹni tó ń tà á sì ní 8.50 lòun fẹ́ gbà. Kò rẹ́ yín jẹ. Yúrò mẹ́rin tó lé níbẹ̀ ni Pfand, owó ìdógò lórí kọ́ọ̀bù amọ̀ tó fi bu ọtí náà, ẹ óò sì gbà á padà nígbà tí ẹ bá dá kọ́ọ̀bù padà. Iye ìdógò yìí yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Níbòmíràn wọ́n á fún yín ní àmì kékeré kan mọ́ kọ́ọ̀bù. Bí àmì náà bá sọnù, owó lè bá a lọ, nítorí náà ẹ fi í sápò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìsọ̀ tí ẹ ti rà á ni kí ẹ dá a padà sí, àfi tí wọ́n bá sọ fún yín pé ìsọ̀ yòówù lè gbà á. Ọ̀pọ̀ ìlú máa ń ya àwòrán tuntun àti ọdún sára kọ́ọ̀bù wọn, nítorí náà bí ó bá wù yín, ẹ lè gbé e lọ ilé kí ẹ sì fi owó ìdógò sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pè yín ní olè. Ẹ mú owó lọ́wọ́, pàápàá owó ẹyọ, nítorí pé ìsọ̀ tí kì í gba káàdì ṣì pọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà sì sábà máa ń gba owó. Kálukú ló ń sanwó ohun tó mu, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ra yíká fún gbogbo yín, ó dára kí ẹ̀yin náà ra yíká nígbà tó bá kàn yín.

Glühwein yìí gbọ́dọ̀ ní álíkóhọ́ọ̀lù tó ìwọ̀n 7 nínú 100, ó kéré tán, gẹ́gẹ́ bí òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti là á sílẹ̀. Kànáfùrù, ọsàn àti ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ máa ń bo ọtí mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tí kò mọ̀ lè fi fún ọmọdé. Kinderpunsch ni èyí tí kò ní ọtí. Òun ni ti ọmọdé, ti Mùsùlùmí, àti ti àwọn ará wa nínú ìjọ tó ka ọtí léèwọ̀. Gbólóhùn tí ẹ óò fi béèrè ni “ohne Alkohol”. Bí ẹ bá gbọ́ “mit Schuss”, wọ́n ti da ọtí líle bíi rọ́ọ̀mù lé e nìyẹn. Ẹni tó bá pé ọdún 16 ni òfin gbà láàyè láti ra Glühwein lásán, ṣùgbọ́n ti onírọ́ọ̀mù di ọdún 18. Nígbà tí wọ́n bá ń kan kọ́ọ̀bù pọ̀, ẹ wo ojú ẹnìkejì tààrà, ì báà jẹ́ ọ̀gá yín tàbí àgbàlagbà. Mo mọ̀ pé ilé wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀, àmọ́ níbí, ẹni tó gbójú sílẹ̀ ni wọ́n ń kà sí aláìkanisí.

Ẹ má wa ọkọ̀ lọ. Ìwọ̀n ọtí tí òfin gbà fún awakọ̀ kò tó 0.5 nínú ẹgbẹ̀rún ẹ̀jẹ̀, òdo sì ni fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21 àti ẹni tó ṣì wà nínú ọdún méjì àkọ́kọ́ tó gba láísẹ́ǹsì. Kẹ̀kẹ́ oníná kékeré tí àwọn ọ̀dọ́ ń háyà lójú pópó wà lábẹ́ òfin kan náà, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀ títí ọlọ́pàá fi dá wọn dúró.

Ní ti oúnjẹ, Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, nítorí pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ sọ́séèjì tí wọ́n ń yan níbẹ̀, títí kan àwọn tín-ínrín Nuremberg tí wọ́n ń to mẹ́ta mẹ́ta sínú búrẹ́dì. Schmalzkuchen jọ pọ́fùpọ́fù ilé wa gan-an, wọ́n á sì da ṣúgà lílọ̀ bò ó gbígbóná. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹran ni Schmalz, nítorí náà ẹ béèrè bóyá òróró lásán ni wọ́n fi dín in. Reibekuchen, pòtétò tí wọ́n rin tí wọ́n sì dín, tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ápù tí a sè di ọbẹ̀, jẹ́ ohun tí mo máa ń gba àwọn ará wa nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀. Ó ń yó èèyàn, ọ̀fun ẹni kì í sì í kọ̀ ọ́.

Ẹ óò rí kọnkéré ńláńlá lẹ́nu ọ̀nà ọjà, àti ọlọ́pàá tó gbé ìbọn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2016, ẹnì kan wa ọkọ̀ akẹ́rù wọ ọjà Breitscheidplatz ní Berlin. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2024, ẹlòmíràn wa ọkọ̀ wọ ti Magdeburg. Àwọn èèyàn kú nínú méjèèjì. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, òfin ti ka mímú ọ̀bẹ lọ sí irú ọjà bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ì báà jẹ́ ọ̀bẹ kékeré inú àpò, ọlọ́pàá sì lè yẹ báàgì wò. Ẹ mú káàdì ìgbélùú yín dání, ẹ dáhùn ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ẹ sì fi fóònù sápò inú, nítorí pé àwọn tí ń yọ nǹkan lápò ẹni fẹ́ràn èrò. Ẹ kọ nọ́ńbà yín sórí bébà sápò ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó ń gbé ní Kehl, ìlú Jámánì tó wà létí ààlà Faransé, lè wọ tráàmù dé Strasbourg láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ààlà orílẹ̀-èdè ló kọjá yẹn. Pásípọ́ọ̀tù àti ìwé ìgbélùú Jámánì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ jọ máa ń tó, fún ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180. Ẹni tó ṣì ń dúró de èsì ìbéèrè ibi ìsádi kò gbọdọ̀ dán an wò, nítorí pé ìwé ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á láàyè láti kọjá ààlà. Àwọn ará wa ní Ìlú Ọba tó ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò físà Schengen kí wọ́n tó wá, ó sì yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn Yúróòpù. Bí kò bá bọ́ sí i, Birmingham ní ọjà Kérésìmesì tirẹ̀ tí àwọn ọlọ́jà Jámánì ti ń wá tajà, èyí tí ìlú náà àti Frankfurt jọ dá sílẹ̀.

Ẹsẹ̀ ni òtútù ń gbà wọlé níbẹ̀, nítorí òkúta gbàgede, nítorí náà bàtà tó ní àtẹ́lẹsẹ̀ tó nípọn ṣe pàtàkì ju kóòtù olówó ńlá lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra nǹkan ránṣẹ́ sílé, ẹ yẹra fún bọ́ọ̀lù onígíláàsì tó ní omi àti yìnyín àtọwọ́dá nínú, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú, wọn kì í jẹ́ kí ẹ fi omi tó ju mìlílítà 100 lọ sínú báàgì ọwọ́. Stollen ti Dresden, búrẹ́dì dídùn tó ki tí wọ́n fi bọ́tà àti àjàrà gbígbẹ ṣe, ń pẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí wọ́n bá wé e dáadáa. Ẹ wá òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà tó ń fi hàn pé ti Dresden gan-an ni lára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ sì ka ohun tó wà nínú rẹ̀ bí Àlájì ni yóò jẹ ẹ́, torí pé ọtí rọ́ọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń rẹ àjàrà náà sí.