Bí Mo Ṣe Wá Fọ́ńgọ́ọ̀sì Nínú Omi Àga Ìtọ́jú Eyín

Iṣẹ́ láàbù ni mo ń ṣe. Dókítà eyín kan n'Ìbàdàn ló ní kí n wá bá òun wo omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín, torí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé omi náà máa ń rùn díẹ̀. Anti nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àga náà tètè sọ tẹnu ẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, omi mímu tí à ń rà ni mò ń dà sínú ìgò yẹn o, ojoojúmọ́ ni mo sì ń fọ̀ ọ́." Mo ní, "Mo gbà yín gbọ́, mà. Inú rọ́bà ni mo fẹ́ wò."

Rọ́bà tó ń gbé omi láti ìgò dé ẹnu ẹ̀rọ tín-ín-rín gan-an, ihò inú rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà méjì lọ. Omi ń sùn sínú rẹ̀ lóru, ó ń sùn síbẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ohun yíyọ̀ kan á wá lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà, irú èyí tí ọwọ́ máa ń bà nínú kẹ́ẹ̀gì tí omi ti pẹ́ nínú ẹ̀. Bakitéríà àti fọ́ńgọ́ọ̀sì (irú nǹkan tó máa ń hu sórí búrẹ́dì tó ti bàjẹ́) ló ń gbé níbẹ̀, omi mímọ́ tó bá sì kọjá lórí wọn á gbé lára wọn lọ sẹ́nu aláìsàn.

Mo débẹ̀ kí aláìsàn kankan tó jókòó. Mo ti kán sodium thiosulfate, tó ń pa agbára klorín, sínú àwọn ìgò mi, torí bí klorín, oògùn apakòkòrò, bá wà nínú omi, á máa pa kòkòrò lọ kí a tó dé láàbù, èsì á sì purọ́ fún wa. Mo fi sipíríìtì nu ẹnu ẹ̀rọ ìgbẹ́yín àti ti siríǹjì tó ń fẹ́ omi àti atẹ́gùn. Mo gba omi àkọ́kọ́, mo jẹ́ kó ṣàn díẹ̀, mo tún gbà. Mo gba nínú omi tí wọ́n rà náà, ká lè mọ ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀.

Ní láàbù, mo sẹ́ omi náà gba asẹ́ tí ihò rẹ̀ jẹ́ 0.45 máíkírómítà, mo sì tẹ́ asẹ́ náà sórí agar Sabouraud, oúnjẹ tó dì bíi jẹ́lì tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń hù lórí rẹ̀ nínú àwo, tí a fi chloramphenicol, oògùn tó ń dá bakitéríà dúró, sí kí bakitéríà má bàa gba ilẹ̀ mọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Sùúrù niṣẹ́ níbí. Ẹni tó bá kánjú da àwo nù kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé lè ní omi mọ́ nígbà tí kò mọ́.

Omi tí wọ́n rà ò hu nǹkan kan. Ti siríǹjì ló burú jù. Nǹkan funfun onírun kan kọ́kọ́ yọ lójú àwo, àárín rẹ̀ wá di àwọ̀ ewé tó ṣú, etí rẹ̀ ṣì funfun. Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró, orí rẹ̀ wú, èso wẹẹrẹ tò tẹ̀lé ara wọn yí i ká. Aspergillus ni, irú fọ́ńgọ́ọ̀sì kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àwọn kan tó ń dán wà. Mo fi wọ́n sínú omi ẹ̀jẹ̀ èèyàn nínú ooru 37 ní ìwọ̀n Celsius, kó tó wákàtí mẹ́ta wọ́n ti yọ èéhù. Àmì Candida albicans, fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, nìyẹn, ẹnu èèyàn sì nilé ẹ̀. Bí fáàfù ẹ̀rọ bá ti gbó, ó lè fa itọ́ padà sínú rọ́bà.

Dókítà mú èsì àtijọ́ kan jáde tó fi hàn pé omi náà ò kọjá 500 CFU (iye kòkòrò tó hù lójú àwo) nínú mílílítà kan, gbèdéke tí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fi lélẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ bakitéríà ni gbèdéke yẹn ń kà. Kò sẹ́ni tó wá fọ́ńgọ́ọ̀sì níbẹ̀ rí, ó sì dùn mí, torí omi tó ń fọ́n ká lẹ́nu ẹ̀rọ yìí, aláìsàn ń mí i sínú, anti nọ́ọ̀sì náà ń mí i sínú. Ẹni tó ní ikọ́ fée wà nínú wọn, ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ náà wà níbẹ̀.

A da omi ìgò nù, a fi oògùn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe àga náà fọwọ́ sí kún un, a fà á títí ó fi jáde lẹ́nu gbogbo rọ́bà, a fi í sílẹ̀ fún iye àkókò tí wọ́n kọ sára ẹ̀, a sì fi omi mímọ́ ṣàn án dáadáa. Nígbà tí mo tún yẹ̀ ẹ́ wò, gbogbo rẹ̀ ti mọ́ àfi ti siríǹjì. Ìyẹn, a ní kí oníṣẹ́ pààrọ̀ rọ́bà àti fáàfù ẹ̀ ni.

Ní báyìí, lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan wọ́n ń jẹ́ kí omi ṣàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30, wọ́n sì ń da omi ìgò nù nírọ̀lẹ́ kó lè gbẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò kankan ni wọ́n ń lò, kì í gba inú rọ́bà àga kọjá rárá. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta la fi àyẹ̀wò sí, fọ́ńgọ́ọ̀sì sì ti wà lórí fọ́ọ̀mù pẹ̀lú bakitéríà.