Iná oko, apáàdì àti igbó ọba: fún àwa tá à ń dáko lẹ́bàá Old Oyo National Park

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìgbòho, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Ìgbẹ́tì, Kìṣí àti abúlé gbogbo tó yí igbó ọba ká, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kí ọyẹ́ tó dé. Ilẹ̀ tí ìjọba sọ di national park lọ́dún 1991 yìí lé ní 250,000 hẹ́kítà, inú ẹ̀ náà sì ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, ìlú tí àwọn Aláàfin ti jọba kí ogun tó tú u láàárín ọdún 1830 sí 1840. Ògiri ìlú ṣì wà níbẹ̀, apáàdì fọ́n káàkiri, ojú ọlọ táwọn ìyá wa àtijọ́ fi lọ nǹkan ṣì hàn lára àpáta.

Lójú tèmi iná ló burú jù. Iná tó bá jó lẹ́yìn tí koríko ti gbẹ pátápátá máa ń pa ọmọ igi ẹmi àti igbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, tó bá sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, níbo lẹ̀yin ìyá wa máa ti rí òrí àti irú lọ́jọ́ iwájú? Tẹ́ ẹ bá máa sun oko, ẹ kọ́kọ́ ro gbogbo etí ẹ̀ yíká títí ilẹ̀ fi hàn, ẹ sọ fún aládùúgbò, ẹ sun ún láàárọ̀ kùtù tàbí nírọ̀lẹ́ tí atẹ́gùn ò fẹ́, ẹ mú ewé tútù àti omi dání, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí èéfín fi tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fín oyin, ẹ pa ìtùfù yín dáadáa kẹ́ ẹ tó kúrò nídìí igi.

Èédú ńkọ́? Ẹ má gé igi ayìn àti igi apá inú igbó ọba fún un rárá. Ẹ má da Gámálíìnì, oògùn apakòkòrò yẹn, sódò Ògùn nítorí ẹja, ènìyàn ń mu omi yẹn nísàlẹ̀.

Tí ọkọ́ yín bá kan ìkòkò tàbí ère nínú ilẹ̀, ẹ dúró. Ẹ má yọ ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, torí bó ṣe jókòó sílẹ̀ àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló máa jẹ́ káwọn tó mọ̀ ọ́n sọ ìgbà tí wọ́n lò ó. Ẹ bò ó padà, kẹ́ ẹ lọ sọ fún baálẹ̀ àti réńjà tó ń ṣọ́ igbó ọba. Òfin ò gbà kéèyàn máa walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ, ẹni tó bá wá bá yín pé òun fẹ́ rà á, ẹ má tà á fún un.