Bí a ṣe ń ya olú jíjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára olú olóró tó jọ ọ́

Àwọ̀ orí olú kì í ṣe ẹ̀rí. Òjò á fọ̀ ọ́, oòrùn á pa á, tó bá sì dàgbà, funfun á di rúsúrúsú. Inú ilẹ̀ nídìí rẹ̀, abẹ́ orí rẹ̀, àti àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú tó ń dà sílẹ̀ láti abẹ́ orí yẹn ni ẹ̀rí wà. Oríṣi mẹ́rin la máa gbé yẹ̀ wò, torí wọ́n jọra débi pé ẹni tó ti pẹ́ nídìí olú ṣì lè ṣì wọ́n mú: Termitomyces, ìyẹn olú ikán, Volvariella volvacea, tó ń hù lórí koríko tó ń jẹrà, Chlorophyllum molybdites, tó ń da inú rú, àti ìdílé Amanita, níbi tí Amanita phalloides tó ń pa ènìyàn wà.

Ọ̀bẹ tó mú, apẹ̀rẹ̀, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti ṣíbí irin ńlá ti tó. Ṣíbí ọbẹ̀ tó ti gbó sàn ju ọkọ́ lọ, torí ó máa ń rọra wọ abẹ́ olú láìgé e. Ẹ má kó olú sínú ọ̀rá: á làágùn níbẹ̀, á rọ̀, kí ẹ sì tó délé, ìdí rẹ̀ á ti fọ́. Ìwé ìròyìn ni kí ẹ fi wé olú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ibi tí ẹ ti rí i sára ìwé náà. Oríṣi méjì kì í wọ inú ìwé kan, kódà bí wọ́n bá hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ wo ibi tó hù sí. Ibi tí ikán bá wà ni Termitomyces máa ń wà, láti Áfíríkà dé Éṣíà, torí àwọn ikán kan ló ń gbìn ín sábẹ́ ilẹ̀ láti jẹ. Volvariella fẹ́ràn pòròpórò, koríko tí wọ́n kó jọ, àti ààtàn ewé. Chlorophyllum molybdites máa ń jáde láàárín pápá koríko, ó sì sábà máa ń tò yípo. Amanita phalloides kì í jìnnà sí igi, torí gbòǹgbò igi tó wà láàyè, bíi ti igi óákù, ló so mọ́. Àmọ́ gbòǹgbò igi máa ń rìn jìnnà ju ibi tí ẹ̀ka rẹ̀ dé. Olú tó dúró sórí koríko lè ní gbòǹgbò igi lábẹ́, nítorí náà ibi tí olú hù sí kò tó láti dájọ́.

Iṣẹ́ tó kàn, ìyẹn híhú olú, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bà á jẹ́. Wọ́n á di ẹsẹ̀ olú mú, wọ́n á fà á, tàbí kí wọ́n gé e lókè ilẹ̀ kó lè mọ́ tónítóní. Ohun tó yẹ kí wọ́n rí ṣì wà nínú ilẹ̀. Amanita phalloides ní àpò funfun kan tó yí ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Àpò yẹn fẹ́lẹ́, ó sì máa ń já sínú ilẹ̀ bí ẹ bá fà á. Olú olóró tí kò ní àpò mọ́ lójú yín á wá dà bí olú jíjẹ.

Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yípo olú náà, kí ó jìnnà tó ìka mẹ́rin sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ tó gígùn ìka kan. Ẹ ti ṣíbí bọ abẹ́, ẹ gbé olú àti erùpẹ̀ rẹ̀ jáde pọ̀. Ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó rọ̀ gbọn erùpẹ̀ náà kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín le jù, ó máa ń fa àpò ya. Bí ẹ kò bá ní èyí tó rọ̀, ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, kí ẹ sì fi orí ìka yọ ìyókù.

Bí ẹ bá rí àpò, ó lè jẹ́ Volvariella, ó lè jẹ́ Amanita. Àwọn kan máa ń wo òrùka ẹsẹ̀, ìyẹn awọ fẹ́lẹ́ tó yí ẹsẹ̀ olú ká lábẹ́ orí: Volvariella kò ní òrùka, Amanita phalloides ní. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òrùka máa ń já bọ́, àwọn Amanita mìíràn kò sì ní i rárá. Bí ẹ bá rí òrùka lára olú tó ní àpò, ẹ jù ú nù. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ò tíì rí ẹ̀rí kankan.

Olú tó ṣì wà nínú àpò rẹ̀, tó rí roboto bí ẹyin, ẹ fi í sílẹ̀. Bó ti wù kó wù yín tó, ẹ fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ orí yẹn, Volvariella àti Amanita jọ ara wọn pátápátá, abẹ́ orí àwọn méjèèjì sì funfun. Ní Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà, àwọn tó wá láti Éṣíà, tí wọ́n ti mọ Volvariella láti ilé, ti já Amanita phalloides, wọ́n rò pé Volvariella ni, ẹ̀mí sì ti bá a lọ.

Bó bá jẹ́ pé gbòǹgbò gígùn lẹ rí, ẹ máa gbẹ́ tẹ̀ lé e. Gbòǹgbò Termitomyces máa ń gùn wọnú ilé ikán, ó lè jìn gan-an. Ẹ ó bá ohun kan níbẹ̀ tó rí hólóhóló bí afárá oyin, tí kóró funfun kéékèèké wà lára rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ọ̀kan péré débẹ̀, kí ẹ sì kó ilẹ̀ padà bò ó, torí láti ibẹ̀ ni ti ọdún mìíràn á ti jáde. Hymenopellis, olú mìíràn kan, náà ní gbòǹgbò gígùn, àmọ́ igi tó rà sínú ilẹ̀ ni tirẹ̀ lọ bá, orí rẹ̀ sì máa ń yọ̀ nígbà òjò. Termitomyces microcarpus, èyí kékeré tó ń hù lọ́pọ̀ rẹpẹtẹ, kò ní gbòǹgbò gígùn bẹ́ẹ̀, torí ikán ló kó afárá rẹ̀ jáde.

Ẹ yí orí olú padà. Lára oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, àwọn pélébé abẹ́ orí kì í kan ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, nǹkan mìíràn lẹ mú. Ó lè jẹ́ Entoloma, tí àwọn olóró wà nínú rẹ̀, tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì jẹ́ píǹkì bíi ti olú jíjẹ.

Lẹ́búlẹ́bú ló kù. Ẹ gé ẹsẹ̀ olú kan tó ti là dáadáa kúrò, ẹ da abẹ́ orí rẹ̀ dé orí dígí, ẹ kán omi kan sórí rẹ̀, ẹ fi ife bò ó, ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àwọn kan ń lo bébà funfun, ṣùgbọ́n lẹ́búlẹ́bú funfun kì í hàn lórí funfun. Ìdérí ìkòkò onídígí pàápàá ṣeé lò. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi abẹ fífá ha á jọ sójú kan kó ki, ẹ sì wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kì í ṣe ti gílóòbù.

Funfun ni ti Amanita. Píǹkì ni ti Volvariella àti Termitomyces. Àwọ̀ ewé tó ṣú díẹ̀ ni ti Chlorophyllum molybdites, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ orí rẹ̀ lè ṣì funfun nígbà tí ẹ já a, ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ nìyẹn. Bó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ẹ dà á nù. Bí kò bá da nǹkan kan sílẹ̀, kò wọ ìkòkò.

Ẹ má fi ṣíbí fàdákà tàbí àlùbọ́sà, tí àwọn kan ní á dúdú bí olú bá lóró, dán olú wò. Ẹ má sì sọ pé ìgbín jẹ ẹ́, kò kú: ìgbín ń jẹ Amanita phalloides láìsí wàhálà. Síse, sísá gbẹ àti dídì nínú fìríìjì kò pa oró amatoxin tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ fi olú tútù kan pamọ́ sínú fìríìjì nígbàkigbà tí ẹ bá se olú inú igbó, pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Èébì tó bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 1 sí 3 sábà máa ń jẹ́ ti Chlorophyllum. Èyí tó pẹ́ tó wákàtí 6 sí 24 ló burú jù: ti Amanita máa ń bẹ̀rẹ̀ báyẹn, ara á wá fúyẹ́ díẹ̀, nígbà tí ẹ̀dọ̀ ń bàjẹ́ lọ́wọ́. Kí ẹ má ṣe dúró wo bóyá á lọ. Ẹ gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú olú tó wà nínú fìríìjì dání fún dókítà.