Ìrírí mi: ilé àtijọ́ tí sìmẹ́ǹtì fẹ́ pa, àti bá a ṣe tún un ṣe

Ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí o, torí ó gùn díẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, bíríkì pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ti lé ní 100 ọdún. Màmá tó ni ilé ló pè mí torí ògiri iwájú. Ògiri yẹn ń rin látilẹ̀ títí dé bí ìbàdí èèyàn, pẹ́ńtì ara ẹ̀ ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, nǹkan funfun kan sì ń hù jáde lára ẹ̀ bí òwú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti rẹ́ ẹ, sìmẹ́ǹtì lórí sìmẹ́ǹtì, tó bá ti tó ọdún kan báyìí omi á tún yọ. Ẹni tó ṣe é gbẹ̀yìn ti wá sọ fún wọn pé ògiri ti kú, kí wọ́n wó o kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ òmíràn.

Màmá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni pé ó ti kú?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má tíì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ fún mi ní oṣù kan péré, kí n kọ́kọ́ kọ bí gbogbo ilé yìí ṣe rí sínú ìwé."

Fọ́tò ni mo fi bẹ̀rẹ̀, kí n tó sún àga kan kúrò níbi tó wà. Yàrá kọ̀ọ̀kan, mo dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mo yà á, lẹ́yìn ìyẹn mo wá kojú sí ògiri kọ̀ọ̀kan tààrà, lẹ́yìn ẹ̀ mo wá sún mọ́ àwọn nǹkan kéékèèké, ibi tó ti sán, ìdè ilẹ̀kùn, àpá tó wà lára igi, mo sì ń gbé rúlà sínú fọ́tò kí èèyàn lè mọ bí nǹkan náà ṣe tóbi tó. Mo fún yàrá ní nọ́ńbà, mo fún ògiri ní lẹ́tà, orúkọ yẹn náà ni mo fi pamọ́ fọ́tò, 3B, 3C, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá yà á gan-an ni mo máa ń ṣe é. Fọ́tò tí ò lórúkọ, ọdún méjì sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ yà á náà ò ní mọ ibi tó jẹ́ mọ́.

Ìwọ̀n ló kàn. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ níbí ni pé kò sí yàrá ilé àtijọ́ tí igun ẹ̀ gún, ẹ má gbà á lọ́kàn pé ó gún torí pé ojú rí i bẹ́ẹ̀. Ògiri kan ní pálọ̀ jẹ́ mítà 4.62, èyí tó kọjú sí i jẹ́ 4.49. Tẹ́ ẹ bá wọn ògiri mẹ́rin nìkan, ẹ ò ní lè ya yàrá yẹn sórí bébà kó bára mu láéláé, ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Tó bá sì jẹ́ ògiri tó ní fèrèsé púpọ̀, ẹ má wọn fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wá rò ó pọ̀, torí àṣìṣe kékeré kékeré máa ń kóra jọ. Ńṣe ni kí ẹnì kan di ìdí téépù mú níbi kan náà, kí ẹnì kejì máa ka nọ́ńbà lọ títí dé òpin.

Ọjọ́ tí mo fi rọ́bà omi wọn bí ilẹ̀ ṣe ga sí ni gbogbo ẹ̀ yé mi. Rọ́bà funfun táwọn bíríkìlà máa ń bu omi sí yẹn náà ni, omi inú ẹ̀ ò lè parọ́, bó bá ṣe ga lápá kan náà ló máa ga lápá kejì. Mo gbé ẹnu kan sínú ilé, mo gbé ẹnu kejì síta ní iwájú ògiri tó ń rin. Ilẹ̀ ìta fi sẹ̀ǹtímítà 23 ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì kó dá mi lójú. Òun náà ni. Ìyẹn ni pé ògiri yẹn dúró sínú ilẹ̀ tútù látọdún yìí wá, kò sì sẹ́ni tó rí i torí pé wọ́n ti da kọnkéré sójú ìta, ó tẹ́jú, ó sì mọ́.

Mo lọ bá Màmá, mo bi wọ́n pé nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré, báwo lẹ ṣe máa ń wọlé láti iwájú? Wọn ò tiẹ̀ ronú, wọ́n ní, "Àtẹ̀gùn mẹ́ta la máa ń gùn, ibẹ̀ la máa ń jókòó sí." Ẹyọ kan ló kù níta báyìí. Inú ìwé ni mo kọ ọ̀rọ̀ Màmá sí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo kọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ sí i, torí ohun tẹ́ni tó gbé ilé bá rántí, ẹ̀rí lòun náà bíi ti téépù.

Ohun tó mú kí n máa tẹnu mọ́ kíkọ sílẹ̀ yìí ni Notre-Dame, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àtijọ́ kan ní Paris. Ní 2010, onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Andrew Tallon, fi lésà, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán iná wọn nǹkan, wọn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kúlẹ̀kúlẹ̀. Kò mọ̀ pé iná máa jó o. April 15, 2019 niná jó o, Tallon fúnra ẹ̀ ti kú ní 2018, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó fi sílẹ̀ wà lára ohun táwọn tó tún un kọ́ gbé ara lé, December 2024 ni wọ́n sì tún ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí. Mi ò ní lésà o, téépù, rọ́bà omi àti kámẹ́rà fóònù ni mo ní, ilé Màmá sì yẹ lẹ́ni tó máa ṣe irú ẹ̀ fún un.

Ó ṣẹ́ ku igi àti pẹ́ńtì. Gbogbo ará ilé ló ń sọ pé ilẹ̀kùn ńlá iwájú làgbà ilé, àmọ́ nígbà tí mo yẹ ìṣó ara ẹ̀ wò, roboto ni gbogbo ẹ̀, ìṣó ẹ̀rọ tó jẹ́ wáyà. Ilẹ̀kùn kékeré ẹ̀yìn tí wọ́n ti fẹ́ fi dáná ni mo bá ìṣó onígun mẹ́rin lára ẹ̀, orí wọn ò dọ́gba, ẹ sì lè rí ibi tí hámà ti bà wọ́n. Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ nìyẹn. Kíá ni mo gbé ilẹ̀kùn yẹn wọ yàrá tó gbẹ. Fún pẹ́ńtì, mo mú abẹ, mo fi họ ibi kan tí ò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ lára fèrèsé, mo ń họ ọ́ ní ìpele ìpele títí tí mo fi kan igi, àwọ̀ méje ló jáde, àwọ̀ ewé tó ṣú ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ họ pẹ́ńtì àtijọ́ o, òjé máa ń wà nínú púpọ̀ nínú wọn, eruku ẹ̀ sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ fi omi rin ín, ẹ bo imú, ẹ lé àwọn ọmọ jìnnà.

Ó yá, iṣẹ́ ògiri wá kàn. Bàbá bíríkìlà tá a jọ ṣe é ti dàgbà, mo sì ní láti ṣàlàyé fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé a ò ní lo sìmẹ́ǹtì, torí wọ́n ní, "Ṣé kí n wá fi nǹkan tí ò lágbára rẹ́ ilé onílé?" Bó ṣe rí nìyí. 1824 ni Joseph Aspdin gba ìwé àṣẹ sìmẹ́ǹtì Portland, irú sìmẹ́ǹtì tá a mọ̀ lónìí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn kó tó kárí ayé, láìmù ni wọ́n fi ń to bíríkì tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ ni mò ń wí o, òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná tó gbóná tó 900 dígírì ni. Láìmù máa ń mí. Omi tó bá wọ ògiri á gba ara ẹ̀ jáde, atẹ́gùn á gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá wá fi sìmẹ́ǹtì bò ó, omi ò ríbi jáde mọ́, á máa gun òkè, iyọ̀ inú omi á wá dì, á di hóró líle kéékèèké lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, á máa ti ojú bíríkì títí á fi rún. Òwú funfun tá a rí yẹn, iyọ̀ ni.

Mo tún sọ ti Acropolis fún wọn, àwọn ilé òrìṣà àtijọ́ tó wà lórí òkè ní Áténì, ilẹ̀ Gíríìsì. Nikolaos Balanos tó tún ibẹ̀ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún fi irin de àwọn òkúta mábù náà pọ̀, ó rò pé irin ló lágbára jù. Irin dógùn-ún, ó wú, ó sì la òkúta. Àwọn tó wá lẹ́yìn ẹ̀ ní láti yọ irin yẹn kúrò, kí wọ́n fi titanium, irú irin kan tí kì í dógùn-ún, rọ́pò ẹ̀. Bàbá dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ó yé mi. Ohun tó le ju ara ògiri lọ ló ń pa ògiri."

Àwa méjèèjì la fọ́ kọnkéré ìta, a gbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ títí tó fi relẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ, a jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ilé, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Àtẹ̀gùn méjì tó kù sì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, bí Màmá ṣe wí. Gọ́tà òrùlé tó ń jò sórí ògiri yẹn kan náà, a tún un ṣe. Ọjọ́ 16 la fi yọ sìmẹ́ǹtì kúrò, hámà kékeré àti ṣísẹ́lì, ẹ dá a dùbúlẹ̀ díẹ̀ kó má bàa bu bíríkì jẹ. Ibi kan lábẹ́ fèrèsé, sìmẹ́ǹtì ṣí lódidi bí ìdérí, mo wá rí ojú láìmù àkọ́kọ́, ìlà mẹ́rin lára ẹ̀, ó lọ láti òsì sí ọ̀tún. Ìka ni. Ẹni tó to bíríkì yẹn ló fi ìka tẹ́ láìmù náà nígbà tó ṣì tutù. Mo gbé ọwọ́ mi lé e, ìka ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju tèmi lọ. Mo yà á sí fọ́tò, mo fún un ní nọ́ńbà, a ò sì rẹ́ ibẹ̀ bò títí di òní.

Oṣù márùn-ún la fi jẹ́ kógiri gbẹ. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ la fi ń gbá iyọ̀ kúrò, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ńṣe lẹ máa dá iyọ̀ padà sínú. Lẹ́yìn náà, láìmù kan sí yanrìn mẹ́ta, yanrìn mímú tí ò ní amọ̀. Láìmù tí wọn ò tíì pa, ìyẹn èyí tí wọn ò tíì fomi sí rí, tẹ́ ẹ bá da omi pàdé ẹ̀, híhó ló máa ń hó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ẹ sì bo ojú, tó bá ta sójú ó lè fọ́ ọ. Ìpele mẹ́ta la fi rẹ́ ẹ, kò sí èyí tó nípọn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ. Ìpele àkọ́kọ́, èmi ni mo bà á jẹ́: mo kánjú, mi ò bò ó, oòrùn fa omi inú ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, a ní láti yọ ọ́ kúrò pátá. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, a fi omi rin ògiri ká tó rẹ́ ẹ, a ta àpò olómi bò ó, a ń rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì gbà. Láìmù olómi bíi mílíìkì la fi kùn ún, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Òjò ńlá méjì ti rọ̀ látìgbà yẹn, Màmá ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ògiri láràárọ̀, wọ́n á ní, "Ó gbẹ o, ọmọ mi."

Ohun tó kù ni igi fínfín tó wà lókè ilẹ̀kùn. Apá ọ̀tún ti jẹrà, ikán ti jẹ ẹ́, kò sì sí fọ́tò àtijọ́ kankan tó fi bó ṣe rí hàn. Káfíńtà ní òun lè fín òdòdó tó máa rẹwà síbẹ̀. Ó mọṣẹ́ gan-an, mo sì mọ̀ pé ó máa rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn lórí títún ilé àtijọ́ ṣe, tí wọ́n ṣe ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì, ní 1964, sọ ọ́ gbangba pé ibi tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í méfò ni kó dáwọ́ àtúnṣe dúró. Mo ní kó fi pákó lásán dí i, kó bá èyí tó kù dọ́gba, kó má fín nǹkan kan sí i. Kó tó kàn án mọ́bẹ̀, mo gba pákó náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo fi ṣísẹ́lì gbẹ́ ọdún tá a wà yìí sí ẹ̀yìn ẹ̀, àti nọ́ńbà tó bá ti inú ìwé mu, 1A-7, kí ẹni tó bá tún máa tú u lọ́jọ́ iwájú mọ̀ pé tiwa nìyí.