Nóòtù wọn ni mo ní kí wọ́n fi hàn mí: bí mo ṣe yan kọ́ọ̀sì mi ní Ẹ̀pẹ́

Ọjọ́ tí mo parí WAEC gan-an ni ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ nílé wa. Ẹja yíyan ni màmá mi ń tà ní ọjà Olúwo, àwọn oníbàárà wọn pàápàá sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí n kà. Ẹnìkan ní kí n ṣe dókítà, ẹlòmíràn ní ẹnu mi dà bí ẹnu lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Computer Engineering lówó wà. Tiwọn ni mo gbà, torí mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà, mo sì rò pé ìyẹn tó.

Àǹtí kan wà tó máa ń ra ẹja lọ́wọ́ màmá mi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọdún kẹta ni wọ́n wà ní ẹ̀ka Engineering ti LASU, tó wà níbí ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn ló bi mí pé, "Kí ni àwọn tó ń ka Computer Engineering máa ń ṣe láti àárọ̀ Mọ́ńdè títí di ìrọ̀lẹ́?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ti gbọ́ iye owó oṣù tí wọ́n ń gbà, mi ò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Àǹtí ní kí n wá bá àwọn nínú ọgbà.

Kí n tó lọ, mo ti pinnu pé mi ò ní bi ẹnikẹ́ni bóyá kọ́ọ̀sì rẹ̀ dáa. Ta ló máa bu ọjà ara rẹ̀? Ohun tí mo máa béèrè ni pé: ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo nóòtù yín, kí lẹ ṣe lánàá, ta lẹ mọ̀ tó ti kúrò nínú kọ́ọ̀sì yìí, kí ló sì lé e?

Ọmọkùnrin tó ń ka Computer Engineering jókòó tì mí fún bí wákàtí kan. Mo ti rò pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni màá ti máa tẹ kọ̀ǹpútà. Ìṣirò ni mo rí, àti àwòrán bí iná ṣe ń gba inú wáyà kọjá. Ó ní lọ́dún kìn-ín-ní, gbogbo ọmọ Engineering ló jọ ń ṣe Mathematics, Physics àti Chemistry, ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀nà ń pín, ọdún 5 sì ni gbogbo rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń tàn bó ṣe ń ṣàlàyé wáyà. Inú mi kò dùn sí i bíi tiẹ̀, mo sì gbà bẹ́ẹ̀ fún ara mi.

Ó mú mi lọ bá ẹnìkan tó ti kúrò nínú Medicine ní yunifásítì mìíràn. Ẹni yẹn kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́: bàbá wọn ló yàn án fún wọn. Àwọn ló tún là mí lójú nípa JAMB. Nínú subject mẹ́rin tí wọ́n ń ṣe, English pọn dandan, mẹ́ta tó kù lèèyàn máa yàn. Biology, Physics àti Chemistry ni Medicine ń béèrè. Mathematics, Physics àti Chemistry ni ti Engineering. Ẹni tó bá fi Biology rọ́pò Mathematics ti ti ilẹ̀kùn Engineering mọ́ ara rẹ̀ kó tó jókòó ṣèdánwò. Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é gan-an nìyẹn, torí mo fẹ́ fi Medicine ṣe ẹ̀yìn ọwọ́.

Nóòtù àǹtí ni mo wò kẹ́yìn. Chemical Engineering ni wọ́n ń kà. Lórí ojú ìwé kan, wọ́n kọ "Drying" gàdàgbà. Àǹtí ní bí omi ṣe ń kúrò lára ohun tí à ń sá tàbí tí à ń yan ni: omi tó wà lójú ara á kọ́kọ́ yára lọ, èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún á wá máa fà díẹ̀díẹ̀. Bí ooru bá pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, òde á le, omi á há sínú.

Mo dákẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ohùn màmá mi nídìí ààrò: "Má kó igi síná jù! Ẹ̀yìn ẹja á gbẹ, inú rẹ̀ á bàjẹ́." Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́jà lásán ni. Ó wà nínú nóòtù yunifásítì, pẹ̀lú ìlà tó ń fi hàn ibi tí omi ti ń yára jáde àti ibi tó ti ń fà. Mo bi àǹtí ní ìbéèrè títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Wọn ò tàn mí: wọ́n ní Thermodynamics, ẹ̀kọ́ nípa ooru àti agbára, ń gba oorun lójú àwọn, àti pé tó bá dọdún kẹrin, oṣù 6 lèèyàn máa fi kọ́ṣẹ́ níta.

Nígbà tí JAMB bẹ̀rẹ̀, mo fi NIN mi ránṣẹ́ sí 55019, mo gba profile code, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀, mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́ọ̀mù. Mo yẹ brochure JAMB, tó ń sọ subject tí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń béèrè, wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹ́ kí wọ́n tẹ Chemical Engineering, pẹ̀lú Mathematics.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, màmá mi ní kí àǹtí mú nóòtù yẹn wá sídìí àtẹ. Àǹtí ka ojú ìwé náà, wọ́n ń tú u sí Yorùbá bí wọ́n ṣe ń kà á. Màmá mi gbé ẹja tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, tún ibi tí òde ti ń le yẹn kà."