Ẹ má dúró dìgbà tọ́wọ́ bá ń gbọ̀n: àṣìṣe tá a máa ń ṣe lórí àrùn Parkinson

Èjìká la kọ́kọ́ gbájú mọ́. Oṣù mélòó kan la fi ń fi òróró ra èjìká ọ̀tún bàbá mi, tá à ń fi omi gbígbóná jó o, kálukú ń sọ tiẹ̀, làkúrègbé ni, rárá ọjọ́ orí ló ń dé, abi bó ṣe sùn lé e ni. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbọ̀n rárá o. Tó bá ń rìn, ọwọ́ òsì ń lọ ń bọ̀ bó ṣe yẹ, ti ọ̀tún á kàn rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara bíi pé ó gbé báàgì dání, a sì rí i, a kàn ò kà á sí ni. Báǹkì ló ta wá lólobó. Wọ́n dá ìwé ẹ̀ padà pé sáìnì ẹ̀ ò bára mu, ìgbà tá a gbé ti tẹ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun la rí i pé lẹ́tà àkọ́kọ́ tóbi dáadáa, àwọn tó tẹ̀ lé e wá ń kéré sí i, títí tí ìparí ẹ̀ fi dà bí ẹsẹ̀ èèrà. Àṣé Parkinson ni, àrùn inú ọpọlọ tó ń jẹ́ kí ara máa lọ́ra.

Kéèyàn máa dúró de gbígbọ̀n, àṣìṣe tó burú jù nìyẹn lójú tèmi. James Parkinson, dókítà tó kọ̀wé nípa àrùn yìí ní London lọ́dún 1817, "ẹ̀gbà tó ń gbọ̀n" ló pè é, gbígbọ̀n yẹn ló wá kù sáwọn èèyàn lọ́kàn. Nǹkan tí dókítà ń wá gan-an ni ara tó ń lọ́ra, kí gbígbọ̀n tàbí iṣan tó gan wá kún un, èyíkéyìí nínú méjèèjì tó. Àwọn kan wà tọ́wọ́ wọn ò gbọ̀n rí. Ẹ wo ẹni tí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì kan ń gbà lásìkò ju bó ṣe ń gbà á tẹ́lẹ̀, tí ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀, tójú ẹ̀ ò fi ẹ̀rín hàn mọ́ tẹ́ ẹ wá ń rò pé ó ń bínú sí yín. Apá kan ara ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tá a fi ń pè é ní èjìká. Kó tó dé ibẹ̀ pàápàá, ọdún púpọ̀ ṣáájú nígbà míì, imú lè má gbóòórùn mọ́, ìgbẹ́ lè máa ṣòroó yà, èèyàn sì lè máa lu ẹni tó sùn tì í torí pé àlá tó ń lá ló ń ṣe é lójú oorun. Ẹ má wá torí ìgbẹ́ tí ò yà sá wọ ọsibítù lálẹ́ o, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ò sọ pé Parkinson ni, ìgbà tí wọ́n bá ń kóra jọ ni kẹ́ ẹ sọ fún dókítà.

Òdìkejì ẹ̀ náà tún wà, kí gbogbo ọwọ́ tó bá gbọ̀n di Parkinson. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n nígbà téèyàn fẹ́ gbé ife mu omi sábà máa ń jẹ́ nǹkan míì, ti Parkinson sábà máa ń gbọ̀n nígbà tọ́wọ́ bá wà lórí itan tí ò ṣe nǹkan kan. Oògùn míì tún lè fa nǹkan tó jọ ọ́! Metoclopramide tí wọ́n ń lò fún èébì, haloperidol tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ, wọ́n lè jẹ́ kí ara gan kó sì lọ́ra gẹ́gẹ́ bíi ti Parkinson. Ẹ kó gbogbo oògùn ilé dání lọ bá dókítà, ẹ má sì dá ìkankan dúró fúnra yín.

Síkáànì ńkọ́? Owó lásán lọ̀pọ̀ ń ná síbẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tó ń dá a mọ̀ nílé ìwòsàn lójoojúmọ́, síkáànì ọpọlọ lásán sì lè mọ́ tónítóní, torí kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe àrùn míì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ojú àti ọwọ́ dókítà ọpọlọ ló ń ṣiṣẹ́ jù, á ní kí aláìsàn máa fi ìka ìfábẹ̀lá lu àtàńpàkò léraléra, kó lè rí bóyá ó ń lọ́ra, ó ń kéré sí i. Ẹ fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń rìn nílé, torí níwájú dókítà gbogbo èèyàn ló máa ń rìn bíi sójà.

Wàyí o, àwọn kan á ti wá mọ̀ pé Parkinson ni, ni wọ́n bá ní àwọn fẹ́ "tọ́jú oògùn pamọ́," pé tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ levodopa, ìyẹn oògùn tí wọ́n ń lò fún Parkinson, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lọ́la. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú. Nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń rìn, ń kú nínú ọpọlọ, ọ̀pọ̀ wọn á ti lọ kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, levodopa ló lè wọ ọpọlọ lọ di dopamine níbẹ̀. Ìwádìí kan láti Netherlands lọ́dún 2019 fi ọ̀rọ̀ yìí dánra wò: àwọn kan bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn kan dúró fún ọ̀sẹ̀ 40, nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ 80 ọgbọọgba ni wọ́n wà. Kò pa àrùn náà lẹ́nu mọ́ o, àmọ́ kò pa èèyàn lára náà, ẹni tó dúró kàn fi àwọn oṣù yẹn jìyà lásán ni. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ṣì kéré, dókítà lè fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú oògùn míì torí kí ara má bàa máa dédé jà fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la, ìyẹn yàtọ̀ sí kéèyàn jókòó sílé.

Tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má já a lójijì láéláé, ibà àti ara tó gan pa lè tẹ̀ lé e, ó lè gbẹ̀mí. Ẹ má fi ẹran tàbí ẹyin gbé e mì, wọ́n jọ ń du ojú ọ̀nà kan náà ni, ààbọ̀ wákàtí kẹ́ ẹ tó jẹun dáa. Ẹni tó ń lo pramipexole tàbí ropinirole, àwọn oògùn Parkinson míì, tó dédé bẹ̀rẹ̀ sí í ta tẹ́tẹ́, kì í ṣe ìwà ẹ̀, oògùn ló lè fà á, ẹ tètè sọ. Ti wèrèpè, òótọ́ ni pé levodopa wà nínú èso ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló wọn èyí tó wà nínú ṣíbí kan fún yín?

Eré ìdárayá náà, ẹ má jẹ́ kó dúró dẹ̀yìn. Ìgbà tẹ́sẹ̀ bàbá mi bá sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tẹ́lẹ̀ èmi á máa fà wọ́n lọ́wọ́, àfi bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣubú lọ́jọ́ kan. Ní báyìí mo kàn máa ń dúró, màá gbé ẹsẹ̀ tèmi síwájú ẹsẹ̀ wọn, màá ní "ẹ gba orí ẹ̀ kọjá, bàbá," wọ́n á sì gbé e.